Yàrá tí Mo Tò fún Àkànní ní Kemta

Ẹ̀yin ará ilé mi ní Ìkàrẹ́, ẹ ti ń bi mí láti ọjọ́ tí mo ti dé: báwo ni Abẹ́òkúta, irú ènìyàn wo ni àwọn Ẹ̀gbá, kí ni mo mú bọ̀? Mo ń fi ẹ̀rín dá yín lóhùn, mo ń sọ pé ọ̀nà jìn, pé àpáta pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rín ẹnu lásán ni. Ohun tí mo mú bọ̀ kì í ṣe búrẹ́dì tí a lè gé fún àwọn ọmọ. Ọkàn mi bàjẹ́ níbẹ̀, kò sì tíì tún ṣe, ìyẹn ni mo ṣe jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú yín kò gbà pé iṣẹ́ ni. Èmi ni mo ń wọ ilé onílé, tí mo ń sọ ibi tí àga yóò wà, àwọ̀ tí ògiri yóò ní, ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò gbà wọlé. Ní Èkó tí mo ti kọ́ ọ, orúkọ òyìnbó ńlá kan ni wọ́n fi ń pè é. Oníkọ́tìnnì ni ẹ̀yin ń pè mí níhìn-ín, mo sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Ohun kan ni ọ̀gá mi kọ́ mi tí mo dì mú ṣinṣin: ìsọ̀ àti ilé kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìsọ̀ ń fẹ́ kí ènìyàn wọlé, kí ó rí ohun tó wà níbẹ̀, kí ó sì jáde. Ilé ń fẹ́ kí ó wọlé, kí ó jókòó, kí ó gbàgbé pé òun yóò jáde. Ẹni tí ó bá gbé ti ọ̀kan fún èkejì ti ba méjèèjì jẹ́.

Obìnrin kan tí ń lọ ra àdìrẹ ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta wá tà ní ọjà wa ni ó sọ̀rọ̀ mi fún Alájà Sìfáwù, aláró kan tí orúkọ rẹ̀ kò kéré ní àdúgbò Kemta níbẹ̀. Alájà ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ó bí, Àkànní, ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti ìgbà ọ̀dọ́, ó sì ti ní kí ará Kemta kan tí ń bọ̀ wálé sọ fún ìyá òun pé òun ń bọ̀ wá kí i. Alájà fẹ́ kí ilé òun dára tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ náà kò fi ní padà mọ́. Iṣẹ́ tí ó fi pè mí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti pè mí láti ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, ṣùgbọ́n òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní kí n fi ilé dá ọmọ dúró.

Ìwọ̀lú

N kò ní fi ọ̀rọ̀ mọ́tò dá yín lágara. Ìgbà tí sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba padà ni, tí ṣúgà àti mílíìkì di ohun àwárí, tí gbogbo ojú ọ̀nà kún fún ìbọn. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ ni páànù: páànù pupa tí ìpẹtà ti jẹ, lọ súà láàárín àpáta, ilé kan ń yọjú lórí òrùlé èkejì. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe òkè ni ẹnikẹ́ni yóò fi ya ọmọ Ìkàrẹ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àwa jẹ́ kí òkè dá wà ní tirẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá rọ̀ mọ́ tiwọn, wọ́n kọ́lé sí i lára, wọ́n ń sá aṣọ sí i lórí.

Mo bi ọkùnrin kan tí ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá ọ̀nà pé níbo ni Kemta wà. Ó kí mi tán kí ó tó dá mi lóhùn. Ó kí mi kú ìrìn, ó kí mi kú oòrùn, ó kí mi kú ẹrù.

“Níbo lẹ ti ń bọ̀?”

“Ìkàrẹ́ ni.”

“Ìkàrẹ́! Ṣé ìlú ṣì kù lẹ́yìn ibẹ̀?”

Àwọn tí ó jókòó tì í bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ó ti dìde, ó ti gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó sì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà Alájà, kò gbà ju “ẹ ṣé” lọ. Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Wọn yóò fi ẹnu bù ọ́ jẹ, wọn yóò sì fi ọwọ́ bá ọ gbẹ́rù.

Imú mi ti rí ilé náà kí ojú mi tó rí i. Òórùn aró kì í kan ilẹ̀kùn. Ó korò, ó wúwo, ó ń rùn bí ewé tí ó rà sínú omi eérú, nítorí ohun tí ó jẹ́ gan-an nìyẹn. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni, ọkọ Alájà tí ó ti di olóògbé ló kọ́ ọ sórí ilẹ̀ ìdílé Alájà. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, àgbàlagbà, jáde sí mi pẹ̀lú ìborùn funfun lórí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì dúdú títí dé ìgúnpá. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ìwọ ni Oníkọ́tìnnì?”

“Èmi ni, mà.”

“O kéré.”

“Iṣẹ́ mi tóbi, mà.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wọlé. Kúdírátù, obìnrin tí ó ti ń bá a rẹ aṣọ láti ìgbà èwe rẹ̀, gbé oúnjẹ wá fún mi. Mo ṣí àwo, mo rí òkìtì funfun kan tí ń rú eéfín. Inú mi dùn dọ́ba. Mo ní ẹ wò ó, iyán ti ṣáájú mi dé Abẹ́òkúta! Mo bù ú tọwọ́tẹsẹ̀, mo rì í bọ ọbẹ̀, mo gbé e mì. Kì í ṣe iyán. Láfún ni, gbágùúdá tí wọ́n rẹ sómi títí ó fi kan, tí wọ́n sá, tí wọ́n sì lọ̀. Ó ti yọ̀ kọjá ọ̀nà ọ̀fun mi kí n tó mọ ohun tí mo jẹ. Kúdírátù ń wo ojú mi.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí nǹkan?”

“Ojú ẹni tó ń wá iyán lò ń wò yẹn, Kúdí,” ni Alájà wí. “Jẹ́ kó máa jẹ láfún fún ìgbà díẹ̀, yóò bú ìyá tó bí iyán.”

A jùmọ̀ rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni ẹ̀rín tí a jọ rín tí mo rántí dáadáa.

Ìsọ̀ Ìtòkú

Alájà ní kí n kọ́kọ́ ṣe ìsọ̀ òun ní Ìtòkú, bóyá ó fẹ́ fi dán mi wò. Yàrá kan péré ni, ó há sáàárín àwọn ìsọ̀ mìíràn, ó ṣókùnkùn. Ó fẹ́ kí n kó aṣọ sínú gíláàsì bíi ti àwọn ilé ìtajà Èkó. Mo ní kí ó fún mi láyè ná. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń wo àwọn oníbàárà.

Ẹ ò rí i, oníbàárà àdìrẹ kì í fi ojú lásán ra aṣọ. Ó ń fa èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá jáde, torí ó gbà pé nísàlẹ̀ ni olówò ń kó ojúlówó sí. Ó ń yí i padà láti wò bóyá aró wọ̀ ọ́ dé ẹ̀yìn. Ó ń tutọ́ sí àtàǹpàkò, ó ń fi ra á. Paríparí rẹ̀, ó ń gbé e símú, kí ó lè mọ̀ bóyá aró ewé èlú ni tàbí kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe kàm̀pálà. Bí mo bá gbé aṣọ sínú gíláàsì, ebi ni yóò pa Alájà. Nítorí náà mo ní kí káfíńtà gbé pákó aṣọ wálẹ̀ dé ìbàdí, mo yọ páànù kan lókè, mo fi irú èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá dípò rẹ̀, mo kun ògiri ní funfun, mo sì gbé ìjókòó méjì síbi tí wọn yóò ti máa nájà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjà tà. Àwọn obìnrin Ìtòkú wá wò ó, wọ́n ń béèrè ẹni tó ṣe é. “Ará òkè kan ni.” “Áà, ará òkè náà lójú o!” Mo rìn padà sí Kemta lọ́jọ́ náà pẹ̀lú àyà gbígbé síwájú. Mo rò pé mo ti mọ ìlú.

Fọ́tò

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nígbà tí ó kan ilé gbígbé gan-an, mo bi Alájà ní ìbéèrè tí mo máa ń bi gbogbo ènìyàn.

“Mà, nígbà tí Àkànní wà nílé, níbo ni ẹ̀yin méjèèjì máa ń jókòó sí?”

Ó ronú díẹ̀. “Àgbàlá ni. Ẹ̀bá ìkòkò. Èmi a máa rẹ aṣọ, òun a máa tú ìko lára àdìrẹ, a ó sì máa rojọ́. Ọmọ yẹn lẹ́jọ́!”

“Ẹ ò jókòó ní pálọ̀ rí?”

“Pálọ̀? Ti bàbá rẹ̀ ni. A kì í jókòó síbẹ̀ àfi bí ènìyàn bá kú.”

Mo ní ó tán, mo ti mọ ohun tí a ó ṣe. A ó kan ìbòjì sí àgbàlá, a ó mọ ìjókòó yí àwọn ìkòkò ká, a ó fa omi síbẹ̀. Kí Àkànní tó mọ̀, yóò ti wà lórí ìjókòó ọjọ́ èwe rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yóò ti wà lára ìko, ẹnu rẹ̀ yóò sì là. Alájà gbọ́ mi títí mo fi parí. Lẹ́yìn náà ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó mú fọ́tò kan jáde. Àkànní ni, ó jókòó nínú pálọ̀ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù: bébà olódòdó lára ògiri, kápẹ́ẹ̀tì tí ó bo ẹsẹ̀, àga onítìmùtìmù, àti ihò ńlá kan nínú ògiri tí iná ń jó.

“Ṣe é bí èyí,” ni ó wí.

“Mà, ẹni tí ó ti ní irú èyí níbẹ̀, kí ni yóò tún wá bá a dé Kemta fún?”

“Ohun tó mọ́ ènìyàn lára ló ń dá ènìyàn dúró. Bí ó bá dé tí kò rí ìyàtọ̀, kí ni yóò tìtorí rẹ̀ padà?”

Ọ̀rọ̀ náà kò ní ihò tí mo lè fi ìka bọ̀. Mo sì mọ̀ nínú mi pé irọ́ ni.

“Ihò iná yìí ńkọ́, mà? Òtútù ni wọ́n fi ń lé níbẹ̀. Ooru ló ń pa wá níhìn-ín.”

“Ṣe é.”

Mo ṣe é. Mo fi pákó fẹ́lẹ́ kan ihò iná sára ògiri ní Kemta, mo kùn ún ní àwọ̀ bíríkì, mo kó igi sínú rẹ̀ tí iná kò ní jó láéláé. Alájà gbé fọ́tò ọkọ rẹ̀ lé e lórí. Bébà ògiri tí mo lẹ̀, mo rí i ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Èkó, èyí tó ṣẹ́kù láti ìgbà tí ìjọba kò tíì fòfin de irú ọjà bẹ́ẹ̀. Mo ṣe yàrá ìsùn Àkànní bákan náà. Iṣẹ́ náà mọ́. Bí mo bá dúró sí ẹnu ọ̀nà, mo máa ń bẹ̀rù láti wọlé.

Àgbàlá

Mo rò pé ó tán síbẹ̀. Àfi bí Alájà ṣe ní òun yóò fọ́ àwọn ìkòkò aró.

Ìkòkò aró kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀. Láti ayé ìyá ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti rì wọ́n mọ́lẹ̀ ní àgbàlá yẹn, aró inú wọn kò sì gbẹ rí. Bí ó bá fẹ́ tán, wọ́n á tún fi tuntun lé e. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní àgbàlá kò dí pálọ̀ lọ́wọ́. Ìgbà náà ni ó sọ ìdí rẹ̀ fún mi.

“Nígbà tí Àkànní wà nílé-ìwé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń di imú bó bá ti wọlé. ‘Aró dé! Aró dé!’ Ó wá bá mi tẹkúntẹkún, ó ní, ‘Màámi, ilé wa ń rùn.’ Kò tún un sọ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Èmi ni n kò gbàgbé. Bó bá tún gbóòórùn yẹn, yóò lọ.”

Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù, òun náà rò pé omi lòun ń dà.

Bíríkìlà tí a pè kò gbà láti kọ́kọ́ lù ú. Ó ní, “Alájà, ẹ̀yin ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀.” Alájà wọlé, ó gbé ọmọ odó jáde, ó sọ ọ́ mọ́ ìkòkò tó tóbi jù. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kò fọ́. Ó tún un ṣe. Aró tú jáde, ó gba inú gọ́tà, ó ń ṣàn gba iwájú ilé àwọn ènìyàn lọ sísàlẹ̀, dúdú, pẹ̀lú ìfófó búlúù lórí. Gbogbo àdúgbò jáde wá dúró sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọdé pàápàá kò ṣeré nínú aró náà.

Kúdírátù jókòó sílẹ̀, ó fi gèlè bo ojú.

“Alájà, kí ni n ó máa ṣe báyìí?”

“Wàá máa bá mi gbé. Ṣé mo lé ọ ni?”

“Mi ò béèrè ibi tí n ó máa gbé, mà.”

Kò pẹ́ tí ó fi kó lọ sí àgbàlá aláró mìíràn. Wọ́n da sìmẹ́ńtì sí ojú ibẹ̀. Bí ó ti ń gbẹ lọ́wọ́ ni bàbá àgbẹ̀ kan tí ń kó èlú wá fún Alájà láti oko dé, agbọ̀n kún lórí rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ òrìṣà rẹ̀ lọ́rùn. Ó wo ilẹ̀. Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.

“Ṣé ẹ ti sọ fún Ìyá Mapó?” Òrìṣà tí àwọn aláró ń bọ ló ń wí.

“Mùsùlùmí ni mí, bàbá.”

“Mùsùlùmí lẹ jẹ́ láti ìgbà tí mo ti ń kó èlú wá fún yín. A ò jà sí i rí.”

Alájà ní kí ó kàn jókòó mu omi. Ó gba omi náà, ó mu díẹ̀, ó rọra da ìyókù sórí sìmẹ́ńtì níbi tí ìkòkò àgbà wà tẹ́lẹ̀. “Ẹ kú ìsinmi o,” ni ó wí, kì í ṣe èmi tàbí Alájà ni ó ń kí. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó padà sí oko.

Àlejò dé

Mo ti fẹ́ máa bọ̀ nílé nígbà náà, ṣùgbọ́n Alájà ní kí n dúró títí Àkànní yóò fi dé, kí n lè kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń jókòó nínú ohun tí mo ṣe. Bẹ́ẹ̀ ló sọ ọ́. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé kọ́ọ̀bù lé àwo pẹrẹsẹ. Ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra ọwọ́ rẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́ kí aró lè ṣí. Ó lọ tò fún ṣúgà nínú oòrùn, níbi tí àwọn sójà ti ń fi kòbókò to àwọn èrò.

Àkànní dé pẹ̀lú mọ́tò láti Èkó. Ọkùnrin gìrìwò kan ni, onírùngbọ̀n, kò sì sí ìgbéraga lára rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Mo ń retí kí Alájà bú sẹ́kún, kí ó dì mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó ní, “Ẹ káàbọ̀.” Ẹ ni ó lò fún ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ó mú un gòkè lọ sí pálọ̀.

Ó dúró láàárín ilé, ó ń wò. Ó wo bébà. Ó wo kápẹ́ẹ̀tì. Ojú rẹ̀ dé ibi ihò iná, ó sì dúró síbẹ̀.

“Màámi, èyí ńkọ́?”

“Ibi iná ni. Bíi tìrẹ.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ì bá rẹ́rìn-ín, ì bá sàn. Ó jókòó sí etí àga. Alájà jókòó sí òdìkejì, tábìlì gíláàsì wà láàárín wọn, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan. Wọ́n wo ara wọn.

“Iṣẹ́ ńkọ́?”

“Ó ń lọ dáadáa, mà.”

“Àwọn ọmọ?”

“Wọ́n wà, mà. Wọ́n ní kí n kí yín.”

Ó parí síbẹ̀. Alájà bu ṣúgà sí tíì rẹ̀. “Mi ò mu ṣúgà mọ́, Màámi,” ni ó wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó wá yíjú sí mi, ó sì fi òyìnbó béèrè ibi tí mo ti rí bébà ògiri. Mo dá a lóhùn. Ó béèrè irú gọ́ọ̀mù tí mo fi lẹ̀ ẹ́ nínú ooru. Mo tún dá a lóhùn. Ara rẹ̀ yá, ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Alájà ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń wo ẹnu mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí ó gbọ́. Mi ò tíì tijú bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé èmi tí mo ti Ìkàrẹ́ wá ni mo jẹ́ ọmọ ilé.

Alájà mú un lọ sí àgbàlá. Ó dúró lórí sìmẹ́ńtì náà, ó ń retí. Èmi náà ń retí, Ọlọ́run ló mọ̀. Àkànní wo ọ̀tún, ó wo òsì.

“Ibí mọ́ tónítóní, Màámi.”

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò béèrè ìkòkò kankan. Ó ti gbàgbé pé ohunkóhun wà níbẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, ó dìde, ó ní òun ti gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì, kí òun má baà kó ìyọnu bá ìyá òun. Alájà ní yàrá rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ó ṣí i fún un. Àkànní dúró ní ẹnu ọ̀nà, kò wọlé.

“Ó dára púpọ̀. Bíi yàrá mi níbẹ̀ gan-an.”

“Nítorí náà, nígbà wo lo máa wá dúró?”

Ó gbá ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ènìyàn rere ṣe ń sọ ohun burúkú.

“Màámi, ibẹ̀ nilé mi báyìí.”

Ó tún wá ní ọjọ́ Alámìísì, ó jókòó sí etí àga náà, ó jẹun díẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó lọ.

Yàrá náà

Mo jókòó nínú pálọ̀ yẹn lẹ́yìn tí ó lọ tán. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Kò sí àṣìṣe kan nínú iṣẹ́ náà tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí: ìtò rẹ̀ gún, àwọ̀ rẹ̀ bá ara mu, bébà kò wú níbì kankan. Ìyẹn gan-an ni ó dùn mí. Ìsọ̀ ni mo ṣe. Ọmọ náà wọlé, ó wò ó, ó yìn ín, ó jáde. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, mo sì mọ̀ báyìí pé ènìyàn lè mọ ohun tí ó tọ́, kí ó sọ ọ́ jáde, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe òdìkejì rẹ̀, nítorí pé ìyá kan ń wò ó. N kò mọ ohun tí iṣẹ́ ọwọ́ wa lè ṣe fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má bi mí mọ́ ìdí tí mo fi kọ iṣẹ́ ilé olóyè tó pè mí níhìn-ín níjelòó.

Alájà wọlé wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìpadàbọ̀ mi. Aró ti ń ṣí ní ìka rẹ̀, ó ku ti eékánná.

“Ọ̀la lò ń lọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Má sùn sí ìsàlẹ̀ lónìí. Sùn sí yàrá yẹn.”

“Yàrá Àkànní, mà?”

“Kò tíì sí ẹni tó sùn síbẹ̀. Yàrá tí a tìtorí alààyè ṣe, tí alààyè kankan kò sùn sí, mi ò fẹ́ ẹ nínú ilé mi.”

Mo sùn síbẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tí èmi fúnra mi yàn, bí ẹni tí wọ́n fi pamọ́.

Lẹ́yìn ìrun àárọ̀, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí pákó ìta. Ó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo rò pé ó fẹ́ pè mí sí oúnjẹ. Ohùn tí ó wá kì í ṣe èyí tí mo mọ̀, ohùn ọ̀dọ́mọbìnrin ni.

“Àkànní. Àkànní ọkọ mi. Àkànní ọmọ Sìfáwù, ọmọ arẹṣọ-má-ṣì-í. Ọmọ tí mo pọ̀n rẹ aṣọ, tí mo pọ̀n sá aṣọ. Àkànní ò, ilẹ̀ ti mọ́. Dìde kí n rí ọ.”

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, ìyá kì í fi oríkì jí ọmọ báyìí. Kò sí ẹni tí ó jí mi bẹ́ẹ̀ rí. Mo mọ̀ pé èmi kọ́ ni ó ń pè, òun náà mọ̀ pé ẹni tí òun ń pè kò sí nínú yàrá. Ó kì í tán. Ó ń retí.

“Ìyá mi,” ni mo dáhùn.

“Ṣé o jí?”

“Mo jí, mà.”

“Ṣé o sùn dáadáa?”

“Mo sùn dáadáa.”

Mo gbọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Kò ṣí i.

“O ṣé tí o dúró,” ni ó wí.

Oòrùn kò tíì gòkè tí èmi náà fi gbé báàgì mi, tí mo lọ.